Kóòtù Tí Mo Fi Ojú Wọ̀n

Ọjọ́ kẹfà oṣù kọkànlá

Kékeré, àbíkẹ́yìn mi, ló ra ìwé yìí fún mi. Ó ní kí n máa kọ ohun tó bá wà lọ́kàn mi sí i. "Bàbá, ẹ ti ń bá fíríjì sọ̀rọ̀." Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀. Òun ló ń kùn, mo sì ń dá a lóhùn.

Ìwé kẹrin ni mo kà dé tí bàbá mi fi fà mí lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá télọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n kọ, mo mọ̀ ọ́n kà, abẹ́rẹ́ ni mo sì fi kọ́ ilé alájà méjì. Kí àwọn tó kàwé jù mí lọ jáde wá sọ ohun tí wọ́n fi kọ́ tiwọn. Adájọ́ ti dúró níwájú mi rí. Ọ̀gá ọlọ́pàá dúró níwájú mi, ó fa ikùn wọlé, mo ní kó tú u sílẹ̀, mo ti rí i. N kì í lo téèpù. Àwọn ọmọṣẹ́ ló ń lo téèpù. Èmi á ní kí oníbàárà rìn wọlé, kó rìn jáde, ó tán. Ìgbà tó bá padà wá, aṣọ á bá a mu bí awọ ara rẹ̀.

Níbí lókè òkun, èèyàn ń kọjá lára mi bí ẹni pé òpó iná ni mí.

Ọjọ́ kẹsàn-án

Òjò. Òjò ibí kò lóhùn. Nílé, tí òjò bá dé, òrùlé á sọ fún ọ, àwọn ọmọ á pariwo, ẹnìkan á sáré lọ kó aṣọ. Níbí, ìgbà tí mo wo ojú fèrèsé ni mo rí i pé ilẹ̀ ti tutù. Ẹ̀yìn ilé mìíràn ni fèrèsé mi dojú kọ, ògiri àti ọ̀pá omi.

Ẹnìkan ṣoṣo ni mo ń bá pàdé nínú lífìtì, bàbá arúgbó kan tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa. Mo sọ ọ́ ní Bàbá Alájá. Ajá rẹ̀ wọ kóòtù. Ìránpọ̀ ẹ̀yìn kóòtù náà wọ́. Ó sọ nǹkan kan ní èdè wọn, mo ní, "Ẹ kú àárọ̀ o," ó mi orí. Ọ̀rọ̀ tí mo bá èèyàn sọ lónìí nìyẹn.

Ọjọ́ kejìlá

Kékeré gbé aṣọ wọlé, aṣọ búlúù tó ṣú, tó nípọn. Mo fi ìka méjì rà á wò. Aṣọ gidi ni.

"Bàbá, ìparí oṣù kejì ni wọ́n máa fún wa níwèé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì. Wọ́n á máa pè wá lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò fẹ́ wọ aṣọ ṣọ́ọ̀bù."

"Ta ló máa jẹ́ kó o wọ aṣọ ṣọ́ọ̀bù?"

"Kóòtù àti síkẹ́ẹ̀tì ni. Ẹ jẹ́ kí n bọ́ tara mi, kẹ́ ẹ lè wọ̀n mí."

"Kí n wọ̀n ẹ́? Èmi tí mo rán aṣọ àkọ́kọ́ tí wọ́n wọ̀ fún ẹ láyé?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ti bẹ̀rẹ̀." Kò tiẹ̀ bọ́ kóòtù òjò rẹ̀ tó fi tún jáde lọ síbi iṣẹ́. Ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń wẹ̀ fún àwọn bàbá tí ọmọ wọn kì í wá wò.

Àdéhùn wa ni pé tí mo bá rán aṣọ yìí tán, tí mo sì bá a jókòó lọ́jọ́ ìwé ẹ̀rí, ilé yá. Àsìkò òtútù kan péré ni mo gbà láti wá lò, nítorí àwọn ọmọ ní n kò gbọ́dọ̀ dá gbé lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Tíkẹ́ẹ̀tì ìpadà mi wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Mo máa ń fọwọ́ kàn án.

Ogúnjọ́

N kò tíì gé e.

Ọjọ́ kọkànlélógún

N kò gé e lónìí náà. Ẹyin tún ti wọ́n sí i.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Bíríkìlà, ọ̀rẹ́ mi nílé, pè mí lórí fóònù. Òun ló mọ ilé mi, bíríkì kan lórí èkejì, èmi ni mo rán gbogbo aṣọ tó ti wọ̀ láti ìgbà èwe wa.

"Aránṣọ, o dákẹ́ jù. Ṣé òtútù ti gan ahọ́n ẹ ni?"

"Iṣẹ́ ni. Wọ́n ti gbọ́ nípa mi níbí. Ẹni mẹ́fà ló wà nílẹ̀ tó ń dúró dè mí."

"Ẹni mẹ́fà. Ṣé o ti sọ fún wọn pé Wá-lọ́la ni orúkọ ẹ? Àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó mi gan-an lo ṣì ń rán bọ́tìnnì mọ́ mi láyà."

"Ṣé bọ́tìnnì náà ti já?"

"Kò tíì já. Ìyàwó ló ti lọ."

A rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó gé fóònù, ilé padà sí bó ṣe wà. Ẹni mẹ́fà náà, n kò mọ ibi tí mo ti rí wọn. Aṣọ búlúù wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn lórí ìṣó. Mo wò ó, ó wò mí.

Ọjọ́ kẹrin oṣù kejìlá

Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí n kò wẹ̀. Kì í ṣe àìsàn. Dókítà tí Kékeré mú mi lọ bá gbọ́ àyà mi, ó ní ó ń lù dáadáa. Ohun tó ń ṣe mí kò sí níbi tí wọ́n ti lè fi irin gbọ́ ọ. Tí mo bá jí, mo máa ń sọ fún ẹsẹ̀ mi pé kó sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ á ní kí la fẹ́ lọ ṣe.

Nílé, kí n tó fọ ẹnu, ẹni mẹ́ta á ti kí mi, ẹni kẹrin á ti wá bá mi jà pé síkẹ́ẹ̀tì òun fún. N kò mọ̀ pé ìjà síkẹ́ẹ̀tì máa ń gbé èèyàn dìde.

Oúnjẹ ọ̀sán kì í tíì dà nínú mi tí ilẹ̀ fi ń ṣú níbí. Tó bá ti ṣú, èmi náà á wọlé sùn. Tí Kékeré bá dé, mo máa ń gbọ́ kọ́kọ́rọ́. Mo máa ń gbọ́ omi. N kì í dìde.

Ọjọ́ kọkànlá

Kékeré tètè dé lónìí. Ó ń fọ abọ́, ẹ̀gbà ọwọ́ ìyá rẹ̀ tó máa ń wọ̀ yọ bọ́ sínú omi.

Mo ní, "Ọṣẹ yín yìí ń yọ̀ jù."

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fi ẹ̀gbà náà sápò. Ọbẹ̀ rẹ̀ dùn, mo jẹ ẹ́ tán. Ó ní òun ti jẹun níbi iṣẹ́.

Ọjọ́ kejìlélógún

Yìnyín bo gbogbo ọkọ̀ tó wà níta. Ó funfun, ó sì dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òkú kúrò nínú rẹ̀. N kò jáde.

Ọjọ́ keje oṣù kìíní

Ọdún ti yí. Àwọn ọmọ pè, gbogbo wọn ní kí n dákun kí n máa jáde. Mo ní mo ń jáde.

Lónìí mo jáde lóòótọ́, láti da ìdọ̀tí nù. Bàbá Alájá wà nísàlẹ̀, kóòtù ajá rẹ̀ ti ya lẹ́yìn, níbi tí mo ti sọ pé ìránpọ̀ wọ́ yẹn. Ó ń fi ọwọ́ mú un pọ̀, ajá ń gbọ̀n. N kò mọ ìgbà tí mo na ọwọ́. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi, ó bọ́ ọ fún mi. Mo gòkè lọ, mo mú abẹ́rẹ́. Èmi tí mo rán aṣọ fún adájọ́, mo jókòó, mo ń rán aṣọ fún ajá. Ṣùgbọ́n mo rán an. Mo tú gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀, mo tún un rán ní ìránméjì. Nígbà tí mo gbé e sọ̀ kalẹ̀, Bàbá Alájá yí i síwá sẹ́yìn, ó wá fi ọwọ́ méjèèjì gbá ọwọ́ mi mú.

Ọwọ́ mi móoru títí di ìrọ̀lẹ́.

Ọjọ́ kẹjọ

Mo gé e.

Mo tẹ́ aṣọ búlúù sórí tábìlì oúnjẹ. Mo di ojú, Kékeré sì dúró níwájú mi: èjìká rẹ̀ tó gbòòrò bíi ti ìyá mi, ìdí rẹ̀ tó kún, bó ṣe máa ń gbé ara sórí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà. Ìwọ̀n ojú mi kò já mi kulẹ̀ rí. Àlùmọ́gàjí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lórí tábìlì. Nínú gbogbo ohùn tó wà nílùú yìí, òun nìkan ló yé mi.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo ti fi òwú so kóòtù náà pọ̀, àti síkẹ́ẹ̀tì. Kékeré wà nílé. Mo ní kó wọ̀ ọ́ wò.

Ó wọ̀ ọ́. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ láti fi píìnì mú un, aṣọ sì kún ọwọ́ mi lọ́tùn-ún, ó kún ọwọ́ mi lósì. Èjìká sọ̀ kalẹ̀ sí apá. Síkẹ́ẹ̀tì yí ká fúnra rẹ̀, síìpù bọ́ síwájú. Ọmọṣẹ́ tó wọlé ní àná kò ní gé irú rẹ̀.

"Ó dára, bàbá," ó wí. "Ó kàn gba afẹ́fẹ́ díẹ̀ ni."

"Bọ́ ọ."

"Bàbá."

"Mo ní bọ́ ọ."

Ọjọ́ kejìdínlógún

Ojú mi ti lọ.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún

N kò kọ nǹkan láti ọjọ́ yẹn, kò sí ohun tó yẹ ní kíkọ. Mo sùn, mo jí, mo tún sùn. Gbogbo ayé mi, ojú yìí ni mo fi jẹun. Ọgbọ́n ìwé, n kò ní. Ìṣẹ́ ni wọ́n bí mi sí. Ojú ni mo ní.

Lọ́sàn-án òní, mo pe Bíríkìlà. Mo ní kó bá mi sọ fún ọmọṣẹ́ mi àgbà tó ń tọ́jú ṣọ́ọ̀bù pé kó yọ orúkọ mi lára pátákó, kó kọ tiẹ̀ sí i.

"Aránṣọ, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ó ti tán. Mo ti gé aṣọ ọmọ mi bí ẹni tó ń gé àpò."

Kékeré ò lọ síbi iṣẹ́ lónìí. N kò mọ̀ pé ó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó lọ sí yàrá rẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀, ó padà wá. Ó ti wọ gáùn aláwọ̀ ewé kan.

"Bàbá, ẹ gbé fóònù sílẹ̀ ná. Ẹ rántí èyí?"

"Ṣé mo lè gbàgbé iṣẹ́ ọwọ́ mi? Òun lo wọ̀ lọ́jọ́ tí mo sìn ẹ́ dé pápákọ̀."

"Ṣé ó bá mi mu lọ́jọ́ náà?"

"Bí ìgbà tí wọ́n dà á sí ẹ lára."

"Ẹ wá wò ó báyìí."

Mo wò ó. Ó fi ọwọ́ fa ìbàdí gáùn náà síwájú, ọmọ kékeré kan lè wọ inú àlàfo náà. Egungun ọrùn rẹ̀ yọ síta. Ibi kan náà tí kóòtù ti sọ̀ ni èjìká gáùn yìí náà ti sọ̀, gẹ́lẹ́ gẹ́lẹ́.

"Kò sí nǹkan tó ṣe ojú yín," ó wí. "Èmi ni mo ti dín kù."

Mo jókòó. Mo bi í bóyá àìsàn ni. Ó ní rárá, wọ́n ti yẹ òun wò níbi iṣẹ́.

"O ní o máa ń jẹun níbẹ̀."

"Mi ò kí ń jẹun níbẹ̀."

"Kí ló dé tó ò kí ń jẹun nílé?"

"Mo máa ń sè é, bàbá. Tí mo bá bù ú tán, á rẹ̀ mí láti jẹ ẹ́. Ta ni mo fẹ́ bá jẹ ẹ́? Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti ń jẹun lórí ìdúró níwájú sítóòfù. Mo rò pé tẹ́ ẹ bá dé..."

"Tí mo bá dé ńkọ́?"

"Ẹ máa ń ti sùn."

Bíríkìlà ṣì wà lórí fóònù. Mo gbọ́ tó ń mí. Ó rọra gé e.

Mo di ojú kí n tó wọ̀n ọ́n. Ọmọ tí mo sìn dé pápákọ̀ ni mo gé aṣọ fún. Èyí tó ń kọjá níwájú yàrá mi, n kò wò ó.

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ilẹ̀ ṣú, n kò sùn. Mo jókòó sídìí tábìlì, oorun ń fà mí lọ́rùn bí ẹni tó wá gba gbèsè. Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ yí, Kékeré dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ṣi ilé wọ̀.

Mo ti se ìrẹsì, ó jóná nídìí. Ó jẹ ṣíbí mélòó kan. Ìyá wọn ló mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nírú àkókò yìí, èmi ò mọ̀ ọ́n. Mo sọ ìtàn kóòtù ajá fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo sùn kó tó dé. Mo gbọ́ kọ́kọ́rọ́, mo gbọ́ omi. Ara kò gbé mi.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Mo dìde. A jẹ ẹ̀wà.

Ọjọ́ kejì oṣù kejì

Mo lọ ra téèpù. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn ọmọṣẹ́ mi.

Bàbá Alájá sìn mí dé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta òwú, yìnyín ń dún lábẹ́ bàtà wa. Mo na apá méjèèjì fún ọmọbìnrin tó ń tajà, mo fi yí ìdí ara mi ká. Ó mú bẹ́líìtì wá. Mo tún un ṣe, ó mú ìró aṣọ wá. Bàbá Alájá ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó fi okùn ajá yí àyà ajá ká, tó wò ó fínnífínní bí ẹni tó fẹ́ rán nǹkan. Ọmọbìnrin náà mú téèpù wá lójú ẹsẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó ti búrẹ́dì kan.

Nírọ̀lẹ́ mo ní kí Kékeré dúró. Mo fi téèpù yí i ká. Òun ni oníbàárà àkọ́kọ́ tí mo fi téèpù wọ̀n látìgbà tí mo ti gba òmìnira lọ́dọ̀ ọ̀gá mi. N kò ní kọ iye tó jẹ́ síbí.

Ọjọ́ kẹsàn-án

Mo ti tú kóòtù àti síkẹ́ẹ̀tì palẹ̀, mo ti tún wọn rán. Nílé, ìbú ìka kan ni mo máa ń fi sílẹ̀ nínú ìránpọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí n kò gé nǹkan kan dànù. Gbogbo ohun tó ṣẹ́kù ni mo ká sínú.

Kékeré wọ̀ ọ́ wò. Ó bá a mu. Ó fọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, ó nípọn níbí."

"Ààyè ni. Tó o bá kún padà, wọ́n á tú u jáde."

"Ta ló máa tú u? Mi ò mọ télọ̀ kankan níbí."

"Ohun tí èmi náà ń rò nìyẹn."

Ó wo ìrọ̀rí mi. Èmi náà wò ó. Tíkẹ́ẹ̀tì náà ṣì wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ kẹtàlá

Bíríkìlà pè.

"Oṣù tó ń bọ̀ lo ń bọ̀. Mo ti ní kí wọ́n gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ. Mo sì ní kí ọmọṣẹ́ ẹ fi pátákó sílẹ̀ bó ṣe wà."

"O ṣeun. Mi ò ní tíì wá."

"Kí ló tún dé?"

"Ó ku iṣẹ́ kan lọ́wọ́ mi."

"Ẹni mẹ́fà yẹn?"

"Ẹnìkan ni."

Mo gbọ́ àkùkọ kan lẹ́yìn rẹ̀, mo gbọ́ ẹnìkan tó ń pe ọmọ wálé. Ó ní, "Aránṣọ, èmi àti ẹ ò kéré mọ́. Tó bá fi máa di ìgbà mìíràn, mi ò mọ ẹni tó máa ṣì wà níbẹ̀ láti gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Kò burú," ó wí. "Wá-lọ́la ni orúkọ ẹ tẹ́lẹ̀."

Kò rẹ́rìn-ín. Èmi náà kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Wọ́n pe orúkọ Kékeré. Ó gòkè. Gbọ̀ngàn náà kún, èmi nìkan ni mo mọ̀ pé kò sí kóòtù mìíràn níbẹ̀ tó jókòó bí ìyẹn léjìká. Mo sọ fún obìnrin tó jókòó tì mí pé èmi ni mo rán an. Kò gbọ́ èdè mi. Mo tún un sọ fún un.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ òfurufú mi gbéra láìsí mi, oṣù kẹta

Mo wo ojú ọ̀run ní fèrèsé. Ògiri àti ọ̀pá omi ni mo rí. Mo sùn ní gbogbo ọ̀sán. Mo dìde kí ilẹ̀ tó ṣú, mo gbé ìrẹsì kaná.

Ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún

Òjò, èyí tí kò lóhùn. Ìròyìn tó wà ni pé Bíríkìlà ti wà lórí ibùsùn àìsàn láti ọ̀sẹ̀ méjì. Mo pè é, ọmọ rẹ̀ ló gbé e. Mo ní kó bá mi kí i. N kò lè kọ jù bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀.

Kékeré mú kóòtù wá ní ìrọ̀lẹ́, ó ní abẹ́ apá ti ń fún òun. Mo ní kó dúró. Mo kọ́kọ́ fi ojú wò ó, mo la ojú méjèèjì. Mo wá mú téèpù. Ojú àti téèpù fẹnu kò.

Mo tú ìránpọ̀ ẹ̀gbẹ́. Ohun tí mo fà jáde kò tó ìbú ìka. Mo tún un rán kí ọbẹ̀ tó hó, mo gbé e fún un, a jókòó, a jẹun.

Ààyè tó kù nínú rẹ̀ ṣì pọ̀.